Ọkọ̀ Oníná àti Aago Méje Alẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. England, tó lé Kamẹrúùnù jáde nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ló ń bá Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì wàákò nílùú Turin ní Ítálì. Wọ́n gbá a títí, ó di ọ̀mì, ó di pẹnárítì, England sì fìdí rẹmi. Bó ṣe parí báyìí, àìmọye ènìyàn dìde lórí àga lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba kíṣìnnì lọ, wọ́n sì tan kẹ́tù iná láti po tíì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iná tí ìlú ń fà fi 2,800 mẹ́gáwáàtì lé sí i. Lọ́pọ̀ ọjọ́ lónìí, gbogbo Nàìjíríà kò rí ìlọ́po méjì iye yẹn lò.

Kẹ́tù kan ò lè ṣe okùn iná orílẹ̀-èdè ní nǹkan kan. Títàn tí gbogbo ìlú tan tiwọn ní àkókò kan náà ló di wàhálà. Àwọn tó ń darí iná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n mọ́ iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ní ibùdó bíi Dinorwig ní Wales, níbi tí wọ́n ti ń kó omi pamọ́ sórí òkè, tí wọ́n ń dà á kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ nígbà tí ìlú bá fẹ́ iná kíákíá. Kí ìdajì ìṣẹ́jú kan tó pé, Dinorwig ti lè gbé ohun tó ju 1,000 mẹ́gáwáàtì jáde.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé ẹrù tirẹ̀ wúwo jù, ó sì ń pẹ́ jù. Kẹ́tù ń fa nǹkan bíi kìlówáàtì mẹ́ta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Ṣáájà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ní Yúróòpù ń fa kìlówáàtì méje, ó sì lè máa fà á títí di ìdájí. Iná tí kìlówáàtì méje yẹn jẹ́ lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá mẹ́fà pọ̀, kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ti ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí ń ṣáájì ọkọ̀ kíákíá, lè fa 50, 150, títí dé 350 kìlówáàtì fún ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Kí ló wá dé tí fífà lẹ́ẹ̀kan náà fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ká dé Òṣogbo ná. Ibẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, nọ́ńbà kan sì wà tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru: 50. Nọ́ńbà náà ń sọ iye ìgbà tí iná orí okùn ń lọ, tó ń bọ̀, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá tó so mọ́ gíríìdì, ìyẹn okùn iná orílẹ̀-èdè, láti Kàíńjì títí dé Egbin ní Ìkòròdú, ló gbọ́dọ̀ máa yí ní ìbámu pẹ̀lú ara wọn, bí ẹni mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan, tí ọmọ odó kò gbọdọ̀ kọlu ọmọ odó. Iná orí okùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iye tí wọ́n ń tì wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí gbọ́dọ̀ bá iye tí àwọn ènìyàn ń fà jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí mu. Bí fífà bá ju títì lọ, àwọn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, nọ́ńbà á sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí 50. Bó bá sọ̀kalẹ̀ jù, ilé-iṣẹ́ iná kan á já ara rẹ̀ kúrò lórí okùn kí ẹ̀rọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù, àwọn náà á tún já, títí gbogbo ilẹ̀ á fi ṣókùnkùn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ ohun tí à ń wí. Ní ọdún 2024 nìkan, gíríìdì dà wó lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀rù àkọ́kọ́ tó máa ń ba àwọn ènìyàn ni pé iná kò ní tó. Wọ́n á ní bí gbogbo ọkọ̀ bá di oníná, níbo ni wọ́n á ti rí iná bù fún wọn? Nọ́wè ti dá wọn lóhùn. Nínú ọkọ̀ tuntun 100 tí wọ́n tà níbẹ̀ ní ọdún 2024, nǹkan bí 89 ló jẹ́ oníná pátápátá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ oníná tó wà nínú ìwé ìjọba wọn ju ti epo bẹntiróò lọ, irú èyí tí ilẹ̀ kankan kò tíì rí rí. Gíríìdì wọn kò wó. Àjọ ìjọba tó ń rí sí omi àti iná níbẹ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pé bí ọkọ̀ oníná bá tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ohun tí wọ́n á fi kún iná tí ilẹ̀ náà ń lò lọ́dún kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó okùn ńlá ní bí gbogbo ọkọ̀ ibẹ̀ bá di oníná ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa lé.

Ìṣirò náà kò le. Yúníìtì kan, irú èyí tí à ń rà sínú mítà, ń gbé ọkọ̀ oníná rin kìlómítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kìlómítà 15,000 lọ́dún á lo nǹkan bíi 2,700 yúníìtì. Iná tó pọ̀ ni fún ìdílé kan, kì í sì í ṣe èyí tó lè wó orílẹ̀-èdè.

Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ti Nọ́wè tan ara wa jẹ. Odò tó ń ṣàn láti orí òkè ló ń fún wọn ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná wọn, iná yìí náà sì ni wọ́n fi ń mú ilé wọn móoru nígbà òtútù. Nítorí náà, kí ọkọ̀ oníná tó dé, okùn tó wọ ojúlé wọn ti nípọn, ó ti mọ ẹrù rù. Ilé tí wọ́n ṣe okùn rẹ̀ fún gílóòbù márùn-ún, fáànù méjì àti fíríìjì kan kò sí nínú ìṣirò wọn.

Iye kọ́ ni ìṣòro. Àkókò ni, ibi tí a ti ń fà á sì ni.

Ká ní ọkọ̀ oníná 100,000 wà ní Èkó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rin kìlómítà 40 lóòjọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á nílò nǹkan bíi yúníìtì méje kó tó lè jáde lọ́jọ́ kejì. Bí gbogbo wọn bá dé ilé ní aago méje alẹ́, tí gbogbo wọn sì so mọ́ ṣáájà kìlówáàtì méje lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fa 700 mẹ́gáwáàtì lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó pọ̀ jù lọ tí Nàìjíríà tíì gbé jáde rí títí di oṣù Kẹta ọdún 2025 jẹ́ 5,801 mẹ́gáwáàtì. Ọkọ̀ ìlú kan ṣoṣo á gba ohun tó ju ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ, ní wákàtí tí gbogbo ilé ń tan iná, tí omi ń hó, tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá mú ọkọ̀ 100,000 kan náà, ẹ fún wọn ní iná kan náà, ṣùgbọ́n kí ẹ tẹ́ ẹ sórí wákàtí mẹ́jọ láti ọ̀gànjọ́ òru. Ohun tí wọ́n á fà kò ní pé 90 mẹ́gáwáàtì. Kò sí ẹni tó pàdánù ohunkóhun: ní òwúrọ̀, bátìrì gbogbo wọn ti kún.

California rí ohun tó jọ èyí ní ọdún 2022. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé láti ọdún 2035, kò ní sí títa ọkọ̀ tuntun tó jẹ́ epo nìkan ló ń mu mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ooru ńlá dé, àwọn tó ń darí iná sì bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣáájì ọkọ̀ láàárín aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fa iná yẹn gbẹ, kì í ṣe ọkọ̀, àti pé ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀, tí iná tí wọ́n ń rí gbà lára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ohun tí ìpínlẹ̀ náà ń fà dé 52,061 mẹ́gáwáàtì, ó ga ju gbogbo ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìjọba fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dín iná kù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó ju 1,000 mẹ́gáwáàtì ti kúrò lórí okùn, àwọn tó ń darí iná kò sì pàṣẹ kí wọ́n máa pa iná àdúgbò káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn ará ìlú gbọ́rọ̀, gíríìdì sì dúró. A ò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè máa fi ẹ̀bẹ̀ orí fóònù darí ìlú lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbé iṣẹ́ náà fún ṣáájà fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, òfin ibẹ̀ ni pé ṣáájà tuntun tí wọ́n bá tà fún ilé tàbí ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọpọlọ. Bí wọ́n bá ṣe ń gbé e jáde nínú páálí, wọ́n ti tò ó pé kó má ṣáájì láàárín aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀, àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Onílé lè yí i padà bó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yí ohun tí wọ́n bá ti bá bẹ́ẹ̀.

Ìlà kan nínú òfin náà dára ju gbogbo ìyókù lọ lójú òǹkọ̀wé yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ máa ń ta iná ní ẹ̀dínwó láti aago méjìlá ààbọ̀ òru. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí gbogbo ọkọ̀ bá ń dúró de aago méjìlá ààbọ̀, gbogbo wọn á jùmọ̀ jí ní aago méjìlá ààbọ̀, kẹ́tù ọdún 1990 á sì tún padà wá. Nítorí náà, òfin ní kí ṣáájà kọ̀ọ̀kan dá ìṣẹ́jú díẹ̀ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀, láti orí òdo títí dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó má sì bá ti aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, òmíràn ní ìkẹsàn-án. Ẹni tó sùn kò mọ̀. 

Kì í ṣe ọ̀gànjọ́ òru ló dára níbi gbogbo. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń yí ẹ̀rọ, bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òru dára. Níbi tí iná oòrùn bá pọ̀ sí, bíi California, ọ̀sán gangan ni iná ń pọ̀ jù, ibi iṣẹ́ ló sì yẹ kí ọkọ̀ ti máa ṣáájì. Ilẹ̀ wa náà ní oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí okùn ńlá ká wá sí àdúgbò, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹ wo tiráńsífọ́mà kan ní ìkóríta, tí wọ́n kọ 500 kVA sí lára. Nínú ìlò wa, nǹkan bíi 400 kìlówáàtì ló lè gbé láìráhùn. Wáyà tí wọ́n fi pépà wé ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rì í sínú òróró. Òróró náà ló ń kó ooru jáde lọ sára àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí atẹ́gùn lè gbé e lọ. Ní alẹ́, ara rẹ̀ á gbóná. Bí àwọn ènìyàn bá ti sùn, ara rẹ̀ á tutù. Pépà yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ̀ pé bí ooru inú rẹ̀ bá fi ìwọ̀n mẹ́fà sí mẹ́wàá péré kọjá èyí tí wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ ayé pépà náà á dín sí ìdajì. Bí onílé 40 nínú àdúgbò náà bá wá ra ọkọ̀ oníná, tí gbogbo wọn so ó lẹ́ẹ̀kan náà, 280 kìlówáàtì nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó tan gílóòbù. Bí wọ́n bá sì fi gbogbo òru fà á, wọ́n ti gba wákàtí tó yẹ kí ara rẹ̀ fi tutù. Tiráńsífọ́mà tó yẹ kó lo ọdún 30 lè bú gbàmù láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó bá ti dá owó tiráńsífọ́mà ní àdúgbò rẹ̀ rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú àpò.

Nọ́wè náà ni yóò tún kọ́ wa bí a ṣe lè yanjú èyí, lọ́tẹ̀ yìí lórí omi. Ní ọdún 2015, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ampere bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín abúlé Lavik àti Oppedal, ó ń gbé ọkọ̀ 120 àti èrò 360 sọdá Sognefjord, láìsí ẹ̀kán epo kan. Ìrìn náà ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ní èbúté láti gba iná. Okùn iná tó lọ sí àwọn abúlé náà kò lágbára. Bí ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ bá fa ohun tó nílò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò fa okùn tuntun gba orí òkè. Wọ́n gbé bátìrì ńlá kalẹ̀ sí èbúté kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi, bátìrì ilẹ̀ á máa fi sùúrù gba iná díẹ̀díẹ̀ láti ara okùn abúlé. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, bátìrì á tú u sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abúlé kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé Kòtònú tàbí Lomé láìpẹ́ yìí ti rí irú ọgbọ́n yìí. Àwọn ọlọ́kadà oníná tó ń gun ti ilé-iṣẹ́ Spiro níbẹ̀ kì í dúró ṣáájì. Wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á yọ bátìrì tó ti gbẹ, wọ́n á fi èyí tó kún rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì tún bá ọ̀nà wọn lọ. Bátìrì tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń dúró gba iná, ibùdó náà sì lè yan wákàtí tó rọrùn fún okùn iná. Ní tiwa, ọ̀nà yìí ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ló ń rìn jù lójúmọ́, bátìrì wọn kéré, owó wọn sì rọrùn ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Ethiopia gba ọ̀nà tó le jù. Ní ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò kó ọkọ̀ aládàáni tó ń mu epo wọlé mọ́. Dọ́là tí wọ́n fi ń ra epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni iná omi ń bọ̀ lọ́nà: ìdídò ńlá tí wọ́n kọ́ sórí odò Náílì, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, lè gbé 5,150 mẹ́gáwáàtì jáde. Iná wà ní orísun. Ohun tó kù fún wọn ni okùn àti tiráńsífọ́mà tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ yẹn kò sì kéré.

Àǹfààní kan wà tí ó yẹ kí ará ilé tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ gbọ́. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011 ní Japan, ilé-iṣẹ́ Nissan ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí iná inú ọkọ̀ Leaf lè padà sínú ilé. Bátìrì 40 yúníìtì á gbé ilé tó ń lo yúníìtì mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún máa ṣẹ́ kù. Bí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ ní ìlú kan, gíríìdì lè yá iná díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní aago méje alẹ́, kó sì dá a padà ní òru. Gbogbo ọkọ̀ kọ́ ló lè ṣe é, ó sì ń jẹ lára ọjọ́ ayé bátìrì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó já gaara ni.

Nàìjíríà ṣì ní àyè láti ṣe é dáadáa, torí ọkọ̀ oníná kò tíì pọ̀. Òfin iná ọdún 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa darí ọjà iná tirẹ̀. Èkìtì àti Òndó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà, Èkó sì tẹ̀ lé wọn. Kí àwọn ìpínlẹ̀ yìí kọ ọ́ sínú òfin wọn nísinsìnyí pé ṣáájà tí kò lè sún àkókò rẹ̀ síwájú kò gbọdọ̀ wọlé. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣáájà aláìlọ́pọlọ bá ti wà lára ògiri, owó tí a ó fi pààrọ̀ wọn á ju owó tí a ó fi ṣòfin lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìwọ tó sì ń gbèrò láti ra ọkọ̀ oníná, kí o tó san owó, lọ bá àwọn tó ń pín iná fún àdúgbò rẹ, kí o béèrè bí ẹrù tiráńsífọ́mà yín ṣe pọ̀ tó. Jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ fa okùn ọ̀tọ̀ láti orí mítà dé ibi tí ọkọ̀ á dúró sí, kí ó ní bíréékà tirẹ̀. Má ṣe ṣáájì ọkọ̀ lórí ẹ̀kísíténṣọ̀n inú ilé, torí wọn kò ṣe wáyà rẹ̀ láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ó sì lè jó ilé. Bí ibi iṣẹ́ rẹ bá ní iná oòrùn lórí òrùlé, ibẹ̀ ni kí o ti máa ṣáájì lọ́sàn-án. Bí kò bá ní, dúró di ìgbà tí àdúgbò bá sùn.